Walker tàbí Robinson: ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?

Gbogbo ayé ló ń pe Jackie Robinson ní aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú líìgì ńlá bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní 1947. Ta wá ni Moses Fleetwood Walker tí wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ ní 1884?

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ Ohio ni, 1856 ni wọ́n bí i. Ẹgbẹ́ Toledo ló ń bá gbá a nígbà tí ẹgbẹ́ náà wọ American Association, ọ̀kan lára líìgì ńlá ayé ìgbà yẹn. Eré 42 ló gbá lọ́dún 1884. Weldy àbúrò rẹ̀ náà bá wọn gbá eré 5. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ilẹ̀kùn yẹn ni Robinson wá já.

Iṣẹ́ wo ni Walker ń ṣe lórí pápá?

Òun ló ń dúró sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, tó ń hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Ìbọ̀wọ́ onítìmùtìmù tòde òní kò sí nígbà náà. Ọwọ́ lásán ni Walker sábà fi ń hán an. Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ló máa ń ṣe àmì irú èyí tí ẹni tó ń jù ú máa jù. Tony Mullane, òyìnbó tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Toledo, jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n hán tó Walker nínú gbogbo àwọn tó bá òun ṣiṣẹ́, àmọ́ òun ò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú, nítorí náà òun kì í ka àmì rẹ̀ sí. Èyí tó bá wu òun lòun ń jù. Ẹ sáà rò ó wò: bọ́ọ̀lù líle ń bọ̀ wìì, ẹ ò mọ̀ bóyá òkè ló máa gbà ni àbí ìsàlẹ̀, ọwọ́ yín sì wà lófìfo. Egungun ìhà Walker ṣẹ́ lọ́dún náà. Kí ọdún tó parí, Toledo ti ní kó máa lọ.

Ta ló tilẹ̀kùn?

Cap Anson, ọ̀gá ẹgbẹ́ Chicago, ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ní oṣù Kẹjọ 1883, ó dé Toledo, ó ní òun ò ní bá ẹgbẹ́ tí Walker wà nínú rẹ̀ gbá a. Ara Walker ò dá lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ lò ó. Ni inú bá bí ọ̀gá Toledo, ló bá fi Walker sínú eré náà, ó ní bí Anson bá kọ̀, kò ní rí kọ́bọ̀ nínú owó ìwọlé. Kíá ni Anson gbá a!

Àmọ́ lọ́jọ́ 14 oṣù Keje 1887, àwọn tó ni ẹgbẹ́ nínú International League, líìgì kan tó wà lábẹ́ líìgì ńlá, dìbò pé àwọn ò ní gba aláwọ̀ dúdú tuntun mọ́. Ariwo ni Anson pa. Àwọn wọ̀nyí ló dìbò, lójú tèmi àwọn ló jẹ̀bi jù. Walker ṣì wà nínú ẹgbẹ́ Syracuse ní líìgì náà títí di 1889. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí aláwọ̀ dúdú ní líìgì yẹn títí Robinson fi dé ẹgbẹ́ Montreal ní 1946, ọdún kan kó tó wọ líìgì ńlá.

Wọ́n ní William Edward White tún ṣáájú Walker ńkọ́?

Eré kan ṣoṣo ló bá ẹgbẹ́ Providence gbá nínú líìgì ńlá, ní 1879. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, òyìnbó ni bàbá rẹ̀, òyìnbó lòun náà sì ń pe ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ ń wò, White ni. Bó bá jẹ́ ẹni tí àwọn òǹwòran rí, tí wọ́n sì mọ̀ pé dúdú ni, Walker ni.

Kí ni Walker ṣe lẹ́yìn bésíbọ́ọ̀lù?

Ó kọ ìwé kékeré kan ní 1908. Nínú rẹ̀, ó ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kó ẹrù wọn, kí wọ́n padà sí Áfíríkà.