Irinṣẹ́ àlejò ní ibùdó ìwòràwọ̀

Irinṣẹ́ àlejò ni wọ́n ń pe kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ ìtúpalẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ikọ̀ olùṣèwádìí kan fọwọ́ ara wọn kọ́, tí wọ́n gbé lọ so mọ́ tẹlisikóòpù ní ibùdó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Wọ́n á lò ó fún òru mélòó kan, wọ́n á sì tú u kó lọ nígbà tí òru wọn bá pé. Ó jọ ti onílù tó gbé ìlù rẹ̀ wá sóde ìnáwó: onílé ló ni àgbàlá, àlejò ló ni ìlù àti ọwọ́ tí yóò fi lù ú.

Ohun tó bí àṣà yìí kò le yé. Jígí ńlá tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ló ń gba owó rẹpẹtẹ, ikọ̀ kékeré kan kò sì lè dá a kọ́. Ẹ̀rọ tó wà nídìí jígí náà ni apá wọn ká. Ní ti ibùdó, àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà kì í sábà ná owó lórí èyí tí ìbéèrè kan ṣoṣo nílò.

ULTRACAM wà lára àwọn tó lókìkí jù. Vik Dhillon ti Yunifásítì Sheffield àti Tom Marsh, tó wà ní Southampton nígbà náà kó tó lọ sí Warwick, ló ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà ní Edinburgh. Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2002 ló kọ́kọ́ rí ìràwọ̀, lórí tẹlisikóòpù William Herschel tí jígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 4.2, ní erékùṣù La Palma ti Sípéènì. Ìràwọ̀ tó ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Kámẹ́rà tó wọ́pọ̀ ní ibùdó máa ń pẹ́ kó tó ka àwòrán kan tán, ìràwọ̀ á sì ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe kó tó mú òmíràn. ULTRACAM pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí CCD tirẹ̀, ìyẹn ègé inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bo ìdajì ojú CCD kọ̀ọ̀kan. Bí ìdajì tó ṣí bá ti gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n á ti àwòrán náà sábẹ́ ìbòrí láàárín nǹkan bí ìdá 24 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wọ́n ṣe ń ka ti abẹ́ ìbòrí, tuntun ti ń wọlé lókè. Bí wọ́n bá mú ojú ibi tí wọ́n ń wò kéré, ó lè ya tó àwòrán 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, GPS á sì fi àkókò gan-an sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún 2005 ni kámẹ́rà náà dé orí Melipal, ọ̀kan nínú àwọn tẹlisikóòpù oní-mítà 8.2 ti ESO, àjọ ìwòràwọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní Paranal ní Chile. Láti 2010 ó tún ń ṣiṣẹ́ lórí NTT, tẹlisikóòpù ESO mìíràn, ní La Silla ní Chile kan náà. Nígbà tí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ fún ìgbádùn ara wọn kíyè sí i ní 2015 pé ìràwọ̀ AR Scorpii kò ṣe bí wọ́n ṣe rò, ULTRACAM lórí William Herschel wà lára ohun tó fi hàn pé ó ń kọ mànà ní ìṣẹ́jú 1.97 síra wọn. Ìràwọ̀ aràrá funfun, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lára ìràwọ̀ tí epo rẹ̀ ti tán, tó ń yí kíá ló ń fa mànà náà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí. Kámẹ́rà tó ń fi ìṣẹ́jú kan ya àwòrán kan ì bá ti pa púpọ̀ nínú mànà náà pọ̀ mọ́ra.

Kí ibùdó tó gba àlejò, ó ní ohun méjì tí yóò bi í. Àkọ́kọ́ ni pé kí ni wọ́n fẹ́ wò tí ẹ̀rọ onílé kò lè wò? Ìgbìmọ̀ tó ń pín òru ló ń dá èyí. Èkejì wà lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà: ìwúwo ẹ̀rọ àti ibi tí ìwúwo náà kóra jọ sí, bí ihò bóòtù rẹ̀ ṣe tò, iná tó ń jẹ, ooru tó ń tú jáde, omi tútù tàbí náítírójìn olómi tó nílò, àti bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò ṣe bá ti tẹlisikóòpù sọ̀rọ̀. Ní Chile, wọ́n á tún wò ó bóyá ẹ̀rọ náà lè dúró bí ilẹ̀ bá mì.

Ìsomọ́ fúnra rẹ̀ gba sùúrù. Tẹlisikóòpù dúró ní ìwọ̀n dọ́gba. Bí àlejò bá fúyẹ́ ju ẹ̀rọ tí wọ́n tú kúrò lọ, irin ni wọ́n á fi dí i kó má baà fì sápá kan. La Silla ga tó nǹkan bí mítà 2,400, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́, nítorí náà fáànù tó ń mú ẹ̀rọ tutù nílé lè má tó lókè yẹn. Àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tó ń tàn lára àpótí ẹ̀rọ, irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé, ni wọ́n ń fi téèpù dúdú lẹ̀ pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà tó lè rí ìràwọ̀ tó jìnnà báyẹn yóò rí wọn náà.

Onílé ń pèsè tẹlisikóòpù, ẹni tó ń darí rẹ̀, ibùsùn àti oúnjẹ. Ìyókù di ti ikọ̀: lílo ẹ̀rọ, títún un ṣe bó bá bàjẹ́ lóru, àti títo dátà. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọn kò bá gbé wá láti ilé, kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí i lórí òkè. Òru tí kùrukùru bá sì gbà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó máa san án padà. Ẹrù yìí wúwo fún ikọ̀ tí kò ju ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ó sì yẹ kí a máa rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń yin àbájáde iṣẹ́ wọn. Ní Gemini, ibùdó tó ní tẹlisikóòpù kan ní Hawaii àti òmíràn ní Chile, wọ́n tún ń retí pé kí àlejò jẹ́ kí àwọn olùṣèwádìí mìíràn béèrè fún ẹ̀rọ rẹ̀, kó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti lò ó.

Àlejò mìíràn kì í lọ mọ́. PIONIER, tí wọ́n kọ́ ní Grenoble láti da ìmọ́lẹ̀ tẹlisikóòpù mẹ́rin pọ̀, dé Paranal ní 2010. Ní 2015 ESO gbà á mọ́ àwọn ẹ̀rọ ilé. IGRINS ní tirẹ̀ ń rìn kiri. Yunifásítì Texas ní Austin àti iléeṣẹ́ KASI ti Gúúsù Kòríà ló kọ́ ọ láti tú ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì, tí ojú ènìyàn kò lè rí, palẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní McDonald ní Texas ní 2014, ó dé ibùdó Lowell ní Arizona ní 2016, ó sì dé Gemini South ní Chile ní 2018. Ó tún padà síbẹ̀ ní 2020, ibẹ̀ ló sì ti ran àwọn olùṣèwádìí lọ́wọ́ láti wọn omi àti kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì nínú òfuurufú pílánẹ́ẹ̀tì WASP-77A b, iṣẹ́ tó jáde ní 2021. Lẹ́yìn náà ni KASI kọ́ IGRINS-2 fún Gemini North ní Hawaii, èyí tí kì í ṣe àlejò mọ́.