Ìkúnná òkúta abẹ ni ká máa wí, kì í ṣe gíríìtì

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, ẹ ó gbọ́ ọ. Bí òkúta ìpọ́nbẹ àtijọ́ kan bá jáde láti inú àpótí irinṣẹ́, "Gíríìtì mélòó ni?" ni àwọn tó ń ṣa irú òkúta bẹ́ẹ̀ jọ máa kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì (grit) ni, fún nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí hóró tó ń jẹ irin lára òkúta ṣe kéré tó. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí ni nínú. Ẹni tó gbọ́ ọ kò mọ̀ bóyá ti títóbi là ń sọ ni tàbí ti líle. Ìdáhùn tí ẹni tó ń tà á máa ń fọ̀, "ẹgbẹ̀rún méjìlá," irọ́ pátápátá ni lórí òkúta tí wọ́n gbẹ́ láti inú ilẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá. "Ìwọ̀n iyanrìn" ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n iyanrìn wo ló wà nínú òkúta Thuringia, tó wá láti Jámánì? "Líle òkúta" ni àwọn míì ń wí. Èyí ló burú jù, torí ó ń jẹ́ kí èèyàn ra ohun tí kò fẹ́. Òkúta Arkansas dúdú, ti Amẹ́ríkà, le kankan. Ti Thuringia rọ̀ jù ú lọ gan-an, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló ń parí iṣẹ́ lẹ́nu abẹ. Líle ń sọ bí òkúta ṣe tètè ń jẹ tán sí, kò sọ irú ẹnu tí abẹ yóò ní.

Ìkúnná ni ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ọmọ Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé pé gàrí kan kúnná, èkejì ní hóró. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ìpele tirẹ̀ lọ́wọ́: ó kúnná díẹ̀, ó kúnná dáadáa, ó kúnná lúbúlúbú. Àwọn tó ń ta kò ó ní ohun tí a lọ̀ nìkan ló ń kúnná, pé òkúta kì í ṣe ìyẹ̀fun. Kí wọ́n da omi díẹ̀ sójú òkúta abẹ, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ rẹ̀ lọ̀ ọ́, kí wọ́n wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra ẹrẹ̀ tó bá jáde wò. Hóró inú ẹrẹ̀ yẹn ló ń jẹ irin. Òun là ń sọ pé ó kúnná tàbí kò kúnná.

Ní ti nọ́ńbà, asẹ́ gàrí ni kí ẹ fọkàn rò. Bí ihò inú ínǹṣì kan bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i, ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá á sì kúnná sí i. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ṣẹ̀, òun ló jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá jẹ́ ti òkúta tó kúnná. Ṣùgbọ́n asẹ́ ìlú kan kì í ṣe asẹ́ ìlú kejì. Hóró sáńpépà P1000 ti Yúróòpù tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 18 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Ti òkúta àtọwọ́dá Japan tí wọ́n kọ 1000 sí jẹ́ bíi 11.5, ti 8000 wọn bíi 1.2. Èyí tí wọ́n gbẹ́ nínú àpáta kò gba inú asẹ́ ẹnikẹ́ni kọjá rárá.

Ẹ wo coticule, òkúta aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń wà ní agbègbè Vielsalm ní Bẹ́ljíọ̀mù. Gárnẹ́ẹ̀tì, irú hóró òkúta líle kan, ló ń jẹ irin nínú rẹ̀. Hóró rẹ̀ lè ju máíkírọ́ọ̀nù 5 lọ dáadáa. Bí a bá fi ti asẹ́ wò ó, kò yẹ kí irú rẹ̀ kan abẹ rárá. Àmọ́ igun hóró yẹn kò ṣe ṣóńṣó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó, díẹ̀ lára rẹ̀ ló sì yọ lójú òkúta, nítorí náà ìlà tó ń fà sára irin kò jìn. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀ lójú òkúta, ó ń jẹ irin kíákíá. Bí a bá ń fi omi là á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di omi lásán, á parí ẹnu abẹ. Nọ́ńbà wo lẹ fẹ́ kọ sára irú òkúta bẹ́ẹ̀?

Iye owó ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìkúnná rẹ̀ ṣe dọ́gba sí. Òkúta tó kúnná lúbúlúbú, tí hóró àjèjì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, á máa họ ẹnu abẹ ní gbogbo ìgbà tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ó sán. Ẹ fi omi rin ojú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa gbẹ lójú yín: ibi tó bá sán á ṣẹ́ kù bí ìlà omi tín-ín-rín nígbà tí gbogbo ara yòókù ti gbẹ. Ní ti Thuringia, àwọ̀ ewé tó fà sí ìyeyè ni wọ́n ń dù jù. Léébù ilé-iṣẹ́ J. G. Escher & Sohn ti ìlú Sonneberg, bó bá ṣì wà lára rẹ̀, a máa sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Bébà ni léébù ọ̀hún, ẹ kùn ún ní fáníìṣì kí omi tó kàn án.

Òkúta tó ti tẹ̀ sínú láàárín kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ má fi iyanrìn ọ̀sà ha á lórí sìmẹ́ńtì: sìmẹ́ńtì kò tẹ́jú, iyanrìn náà a sì máa fi ìlà jíjìn sí òkúta lára. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà dábùú ara wọn sójú rẹ̀, ẹ tẹ́ sáńpépà olómi 220 sórí gíláàsì tó nípọn, ẹ fi omi sí i, kí ẹ máa ha á títí ìlà pẹ́ńsù á fi pa rẹ́ pátá. Ẹ wá bọ́ sórí 400, 600, ẹ fi 1000 parí rẹ̀. Ẹ ha igun rẹ̀ náà díẹ̀, torí igun tó mú ló ń ṣá ẹnu abẹ. Coticule tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ òkúta míì nísàlẹ̀, ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí gúlúù má baà tú.

Àwọn òkúta kékeré àtọwọ́dá tí onígbàjámọ̀ òyìnbó ń lò, irú Swaty, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. A kì í wá ẹrẹ̀ lára wọn. Ìgbà tí abẹ tó mú tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí fa irun là ń gbé e gba ojú wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún, kó tó bọ́ sórí awọ tí wọ́n fi ń ra ẹnu abẹ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu abẹ á fẹ́lẹ́ jù, á sì máa ya.