Ogun ń jà ní Òkun Pupa, ọjà wọ́n ní Balógun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù Keje 2025, àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ológun kan ní Yémẹ̀nì, kọ lu ọkọ̀ òkun méjì, Magic Seas àti Eternity C, ní Òkun Pupa láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn. Méjèèjì ló rì. Àwọn òǹkàwé wá ń béèrè ohun tí ìyẹn fi kan ẹni tó ń ta bàtà ní Èkó.

Níbo ni Òkun Pupa wà, kí ló sì ń gbé ọkọ̀ débẹ̀?

Láàárín Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Lókè ni Suez wà, ọ̀nà omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní Íjíbítì. Nísàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Bab el-Mandeb, tí fífẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti fún jù kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ tó bá ń ti Ṣáínà lọ sí Yúróòpù ní láti gba ibẹ̀ kọjá, àfi tó bá fẹ́ yí Áfíríkà po. Kí wàhálà tó dé, nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún òwò àgbáyé ló ń gba Suez.

Ìgbà wo ni wàhálà náà bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 2023, nígbà tí àwọn Houthi fi hẹlikópítà balẹ̀ sórí ọkọ̀ Galaxy Leader tí wọ́n sì gbé e lọ. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ńlá bíi Maersk, MSC àti Hapag-Lloyd ti ń darí ọkọ̀ wọn gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà.

Ṣé Òkun Pupa ni ọkọ̀ tiwa náà ń gbà?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Ṣáínà bọ̀ ní Èkó, ìsàlẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀.

Kí ló wá kàn wá?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù láti Ṣáínà lọ sí Yúróòpù máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ kan gbéra lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká ní àlọ àti àbọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 12, ọkọ̀ 12 ló nílò kí ètò náà má bàa yẹ̀. Wàyí o, yíyí Áfíríkà po fi bí ọjọ́ mẹ́wàá kún àlọ, ó tún fi bẹ́ẹ̀ kún àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 di 15, ọkọ̀ 12 di 15. Níbo ni yóò ti rí mẹ́ta yòókù? A kì í kan ọkọ̀ òkun mọ́jú. Yóò háyà, tàbí kó yọ ọ́ kúrò ní ọ̀nà tí owó ibẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀nà Èkó sì lè wà lára wọn. Ẹni tó bá ti dúró ní Ọ̀ṣòdì lálẹ́ mọ̀ ọ́n: bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá mú dánfó Ìkòròdú, tí owó Ìkòròdú wá lé, dánfó Agége á ya sí Ìkòròdú, èrò Agége á sì máa wò.

Kọ̀nténà náà tún wà níbẹ̀. Òfìfo tó yẹ kó ti padà sí Ṣáínà ṣì wà lójú omi. Ọjà yín ti wà nínú páálí ní ilé-iṣẹ́, kọ̀nténà tí wọn yóò kó o sí ni wọ́n ń retí. Ilé-iṣẹ́ Drewry máa ń ṣírò owó ọkọ̀ lórí ọ̀nà ńláńlá mẹ́jọ. Kọ̀nténà ẹsẹ̀ bàtà 40 kò tó 1,500 dọ́là ní oṣù Kọkànlá 2023, àmọ́ nígbà tó fi di oṣù Keje 2024 ó ti sún mọ́ 6,000. Èkó kò sí nínú ọ̀nà mẹ́jọ náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń bára wa dù.

Ṣé Òkun Pupa nìkan ló sọ ọjà di ọ̀wọ́n?

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í léèrè ohun tí dọ́là ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Ní oṣù Kejì 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,500. Iye dọ́là yìí náà ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó tí ẹrù yóò san. Òkun Pupa jẹ̀bi, àmọ́ kò dá nìkan jẹ̀bi. Ó kàn jẹ́ pé kò sí nílé láti wí tẹnu rẹ̀.

Wọ́n ní èèyàn lè sanwó ìjàǹbá ọkọ̀ bí ẹrù rẹ̀ kò tilẹ̀ bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹ rántí Ever Given, ọkọ̀ onímítà 400 tó há sínú Suez ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2021, tí wọn kò rí i yọ títí di ọjọ́ 29. Kọ̀nténà tó lé ní 18,000 wà lórí rẹ̀. Íjíbítì dá a dúró títí di oṣù Keje nítorí owó gbà-máà-bínú, olówó ọkọ̀ sì kéde ohun tí àwọn olókun ń pè ní general average. Òfin àtijọ́ ni. Bí ewu bá dé bá ọkọ̀ lójú omi, owó tí wọ́n bá ná láti gbà á là, olówó ọkọ̀ àti gbogbo ẹni tó lẹ́rù nínú rẹ̀ ni yóò jọ dá a, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iye ohun tó ní níbẹ̀. Ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ á fọwọ́ síwèé fún un. Ẹni tí kò ní, á kó owó sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹrù rẹ̀, ì báà jẹ́ páálí bàtà márùn-ún péré.

Mo ní ìnṣọ́ránsì. Ṣé kí ọkàn mi balẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà. Èyí tó wọ́pọ̀ kò kan ogun, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ra ti ogun. Bí ẹ bá sì ń pa ẹrù pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn nínú kọ̀nténà kan, ẹ bi èjẹ́ǹtì bóyá ìwé kankan tilẹ̀ wà, àti orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀.

Ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ?

Nígbà mìíràn. Tesla, tó ń ṣe mọ́tò, ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ẹ̀bá Berlin pa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, nítorí pé ẹ̀yà mọ́tò kò tètè dé.

Èyí tó wù mí jù ni ti oṣù Kẹta ọdún 2000, nígbà tí àrá sán tí iná sì ràn ní ilé-iṣẹ́ Philips ní Albuquerque, Amẹ́ríkà. Wọ́n tètè pa iná náà, ṣùgbọ́n èéfín ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà fóònù, níbi tí wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí eruku wọ̀. Nokia àti Ericsson ló ń rà á. Philips sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ kan ni ìdádúró náà máa gbà. Nokia ń pè wọ́n lemọ́lemọ́, kò sì pẹ́ tó fi gba àyè tó ṣẹ́kù ní àwọn ilé-iṣẹ́ Philips mìíràn. Ericsson gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wọn fi mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè rà á mọ́. Nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là ló bá a lọ.

Ẹni méjì ni mo ń rajà lọ́wọ́ wọn ní Guangzhou. Ṣé mo ti bọ́?

Bí ilé-iṣẹ́ kan náà bá ni àwọn méjèèjì ti ń gbé e, ẹnìkan ṣoṣo lẹ ní.

Ṣé kí n kó ọjà pamọ́ ni?

Èyí tí owó rẹ̀ kéré àmọ́ tó lè ti ṣọ́ọ̀bù pa, bẹ́ẹ̀ ni. Oníbúrẹ́dì tí ìwúkàrà rẹ̀ ń ti òkè òkun wá mọ ohun tí mò ń sọ: owó ìwúkàrà inú búrẹ́dì kan kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí, ogún àpò ìyẹ̀fun á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Kí ti oṣù méjì wà nílẹ̀, kí ẹ sì máa wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Aláṣọ àti oníbàtà, ẹ rọra, torí ohun tó lòde lónìí lè má lòde lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má sì yá owó èlé kó ọjà jọ nítorí ìròyìn.

Kí ló yẹ kó bà mí lẹ́rù jù?

Kí owó ọkọ̀ já wálẹ̀ lójijì. Ní òpin oṣù Kẹta 2025, iye tí Drewry ń gbé jáde ti padà sí nǹkan bí 2,200 dọ́là. Ẹni tó san gọbọi ní oṣù Keje 2024, tó wá kó ọjà náà pamọ́ pé yóò tún wọ́n sí i, ẹni tó kó tirẹ̀ wọlé ní pọ́ọ́kú ló máa bá ta ní ìsọ̀ kejì.

Ọjà mi wà lójú omi báyìí ńkọ́?

Ẹ gba orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà bill of lading, ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi gba ẹrù yín, lọ́wọ́ èjẹ́ǹtì, kí ẹ máa wò ó fúnra yín lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ sábà máa ń dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apápá á kún, ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún kọ̀nténà á sì ti máa sáré lọ. Kí ìwé àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù ti wà nílẹ̀ ṣáájú, torí demurrage, owó tí wọ́n ń gbà lórí kọ̀nténà tó bá kọjá ọjọ́ ọ̀fẹ́, kò mọ̀ pé Houthi ló dá yín dúró.