Òógùn kọ́ ni ọ̀rá ikùn o

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Kí èèyàn ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ ìdárayá nílé, kó tó ṣe púṣọ́ọ̀pù mẹ́wàá tán, wọ́n á ti ní kó lọ wá láílọ̀ọ̀nù wé mọ́ ikùn, kó kọ́kọ́ fi báàmù tó ń ta lára pa á, kó wọ súwẹ́tà lé e, kó wá ti fèrèsé pa kó máa ṣe sítọ́ọ̀pù, ìyẹn kó dùbúlẹ̀ kó máa gbé àyà dìde. Tí omi bá ti ń kán lára ẹ̀ tó tó tó, wọ́n á ní "o ò rí i, ọ̀rá ló ń yọ́ yẹn." Mo gbọ́ ọ ní Tanke ní Ìlọrin níbí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sáré láàárọ̀ Sátidé, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń gun Òkè Sóbì. (Ọ̀rá là ń pe ti inú ara, ọ̀rá náà là ń pe èyí tí wọ́n fi ń di omi, kó má baà dà rú mọ́ yín lójú, láílọ̀ọ̀nù ni màá máa pe èyí tí wọ́n ń wé.)

Mo mọ ibi tó ti wá. Gbogbo wa la ti rí ọ̀rá ẹran nínú ìkòkò, iná mú un, ó yọ́, ó léfòó. Àmọ́ ọ̀rá èèyàn ò dì gbagidi bíi ti màlúù, bí ara wa ṣe gbóná tó, bíi 37 digíríì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí òróró tẹ́lẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ yọ́ níbẹ̀? Ẹ tọ́ òógùn wò, iyọ̀ lẹ máa bá lẹ́nu yín.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló jẹ́ kí n ra sikéèlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wé láílọ̀ọ̀nù, tí mo bá sì ti sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ ba àwọn lọ́kàn jẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kílò 94.2. Wọ́n fò, wọ́n ṣe sítọ́ọ̀pù, wọ́n ṣe sikúọ́ọ̀tì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, wọ́n tú láílọ̀ọ̀nù, omi dà sílẹ̀ ṣàà, wọ́n nu ara gbẹ, wọ́n tún gun un: 93.3. Inú wọn dùn, wọ́n ní "ṣó o ti rí i báyìí?" Mo mú píọ̀ wọ́tà méjì jáde nínú fìríìjì, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n débi pé wọn ò fi ẹnu kúrò níbẹ̀ títí méjèèjì fi tán. Mo ní ẹ tún gun un, ẹ̀gbọ́n. 94.3. Píọ̀ wọ́tà kan, ìdajì lítà ni, ìdajì lítà omi sì ni ìdajì kílò. Wọ́n dúró lórí sikéèlì yẹn, wọ́n ń wò ó.

Wọ́n wá bi mí pé tí kì í bá ṣe òógùn, ibo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ nìyẹn. Àwọn kan á ní ó ń bá ìgbẹ́ jáde, àwọn kan á ní ó ń di iṣan. Imú àti ẹnu ló ń gbà jáde, inú èémí tí à ń mí síta.

Ẹ wo jẹnẹrétọ̀. Ẹ da epo sí i lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, epo ti tán, ibo ló lọ? Ó fa afẹ́fẹ́, ó fi jó epo, ó gba sálẹ́ńsà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ṣe ń fi afẹ́fẹ́ tí a mí sínú jó ọ̀rá, ohun tó sì ń dà ni carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) àti omi. Lọ́dún 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ní Austrálíà gbé ìṣirò ẹ̀ jáde nínú British Medical Journal: tí èèyàn bá jó ọ̀rá kílò 10, kílò 8.4 ló ń bá èémí lọ, kílò 1.6 ló ń di omi. Omi yẹn lè gba inú ìtọ̀, ó sì lè gba inú òógùn, nítorí náà mi ò ní sọ pé kò sí nǹkankan tó pa òógùn àti ọ̀rá pọ̀, ó kéré ni. Òógùn fúnra ẹ̀, omi rádíétọ̀ ni, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Tí rádíétọ̀ bá ń hó lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́, kò sí dírẹ́bà tó máa sọ pé pẹtiróòlù òun ló ń tán yẹn. Òógùn sì gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó lè mú ara tutù, láílọ̀ọ̀nù ò jẹ́ kó gbẹ, ara á tún gbóná sí i, á tún tú òmíràn jáde, ìdí tó fi ń pọ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá kóun kàn jókòó kóun máa mí hẹlẹhẹlẹ. Rárá o, òòyì ló máa kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe ló ń jó ọ̀rá, èémí kàn ń gbé e jáde ni.

Ti àwọn tó ní sítọ́ọ̀pù ló ń jó ọ̀rá ikùn náà ò jìnnà sí èyí. Iṣan ikùn kì í bu ọ̀rá tó wà lórí ẹ̀ jẹ, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń mu ún, gbogbo ara ló sì ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2011: èèyàn 24, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn tó ṣe ìdárayá ikùn lè ṣe sítọ́ọ̀pù púpọ̀ sí i, ọ̀rá ikùn wọn ò dín. Lóòótọ́, ìwádìí kan jáde ní Nọ́wè lọ́dún 2023 tó ní ọ̀rá àárín ara dín díẹ̀ sí i fún àwọn tó fi ìdárayá ikùn kún sísáré, àmọ́ ọkùnrin 16 péré ni wọ́n lò, iye ọ̀rá tí gbogbo ara wọn pàdánù ò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó kàn sáré. Bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Èmi ò ní torí ẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi sítọ́ọ̀pù nìkan gbọ́kàn lé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dìde jókòó lórí àga báyìí láìfọwọ́ tì í, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún ṣe é, wọ́n ń ṣe púṣọ́ọ̀pù lára ògiri, wọ́n sì ń rìn kíá kíá lọ sí mọ́ṣáláṣí dípò ọ̀kadà. Itan àti ìdí ni iṣan tó tóbi jù lára, àwọn ló ń jó nǹkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ṣe ìdárayá bíi rírìn kíá kíá, pẹ̀lú ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi ti dín òkèlè alẹ́ kù náà, mi ò lè sọ èwo nínú wọn ló ṣe é jù, àmọ́ bẹ́líìtì ti wọ ihò kejì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìgbà ààwẹ̀. Ààwẹ̀ 2025 bọ́ sínú oṣù Máàṣì, ẹ mọ bí Ìlọrin ṣe máa ń gbóná lóṣù yẹn, síbẹ̀ àwọn kan ń wé láílọ̀ọ̀nù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹnu gbígbẹ, wọ́n ní ìgbà yẹn ló ń yọ́ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣe é tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò bára mu mọ́, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ara ẹ̀ gbóná bí iná, ẹ tú láílọ̀ọ̀nù yẹn kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e síbòòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì ti máa wá mọ́tò tó máa gbé e lọ ọsibítù.