Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò lè sọ yín dọmọ Áyálándì

Látìgbà tí Britain ti dìbò ní 2016 pé àwọn ń kúrò nínú European Union ni ọ̀rọ̀ páspọ́ọ̀tù Áyálándì ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa kan ní London, pàápàá àwọn tí ìyá àgbà wọn jẹ́ òyìnbó Áyálándì. Wọ́n wà o. Láyé 1950 sí 1960 àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lọ kàwé ní Dublin, pàápàá iṣẹ́ dókítà, àwọn kan fẹ́yàwó níbẹ̀, àwọn kan bímọ níbẹ̀, àwọn míì kó ìyàwó àtọmọ wálé. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ-ọmọ wọn báyìí ni pé "ẹ̀jẹ̀ Irish wà lára mi, mo ti ṣe tẹ́ẹ̀sì DNA, ó sì jáde bẹ́ẹ̀, ó ti parí." Kò tíì parí o, kò tíì bẹ̀rẹ̀ gan-an. Kò síbi tí wọ́n ti ń béèrè DNA nínú àwọn ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá, orúkọ ìdílé tó ní O' níwájú náà ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi John F. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà kan, ṣàpẹẹrẹ. Bàbá bàbá ẹ̀, ìyá bàbá ẹ̀, bàbá ìyá ẹ̀, ìyá ìyá ẹ̀, ìran Áyálándì ni gbogbo wọn, àmọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, àwọn òbí tiwọn ló sọdá òkun. Tá a bá fi òfin òní wò ó, Kennedy ò lè gba páspọ́ọ̀tù Áyálándì nípasẹ̀ òbí àgbà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn. Muhammad Ali náà, bàbá bàbá ìyá ẹ̀ tó ń jẹ́ Abe Grady, ọmọ Ennis ní County Clare ni, ní 2009 Ali lọ síbẹ̀, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá, àmọ́ oyè ìlú yàtọ̀ sí páspọ́ọ̀tù. Ẹ wá mú ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí mẹ́ta nínú àwọn òbí àgbà ẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó jẹ́ ìyá ìyá ẹ̀ nìkan ni wọ́n bí sí Cork. Ẹni yẹn ní ẹ̀tọ́ tí Kennedy ò ní.

Ohun tí òfin wọn ń wò, ìyẹn òfin 1956 tí wọ́n ti ń tún ṣe láti ìgbà náà, ni ibi tí wọ́n bí èèyàn sí àti ẹni tó ti jẹ́ ọmọ ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín. Tó bá jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá yín gangan ni wọ́n bí sí erékùṣù Áyálándì (Belfast àti Derry wà nínú ẹ̀), tó sì jẹ́ ọmọ ìlú, ẹ ti jẹ́ ọmọ ìlú látọjọ́ ìbí yín, páspọ́ọ̀tù lẹ máa lọ gbà tààrà. Tó bá jẹ́ òbí àgbà, ẹ máa forúkọ sílẹ̀ nínú Foreign Births Register, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè sí, ní Dublin, 278 yúrò fún àgbàlagbà. Tó bá wá kọjá òbí àgbà, àfi kí òbí yín ti forúkọ tiẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí yín.

Ìwé ẹni mẹ́ta lẹ máa kó: ti òbí àgbà, ti òbí, tiyín. Ìwé ìbí tí ìjọba fúnni, ìwé ìgbéyàwó tó bá wà, ìwé ikú fún ẹni tó ti lọ tàbí ẹ̀dà ID fún ẹni tó ṣì wà láyé, tiyín á tún ní ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù, fótò, àti ẹ̀rí ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Ibi tí wàhálà wà ni pé ìwé kan gbọ́dọ̀ bá èkejì mu. Ìwé ìbí kékeré tí wọ́n máa ń fúnni ní Britain, tí kò sí orúkọ bàbá àti ìyá lára ẹ̀, kò wúlò, èyí tó gùn ni kẹ́ ẹ gbà. Màmá àgbà lè jẹ́ Bridget nínú ìwé ìbí, kó jẹ́ Bridie tàbí Delia níbòmíì, kó wá fi orúkọ ọkọ Yorùbá kú, ìwé ìgbéyàwó ló máa so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ ìbí gan-an máa ń yàtọ̀ nígbà míì, torí láyé ọjọ́un òbí tó bá pẹ́ kó tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ máa ń sún ọjọ́ síwájú kí wọ́n má bàa bu owó ìtanràn lé e. Ẹ má fi pa mọ́, ẹ kọ lẹ́tà àlàyé mọ́ ọn.

Ní tiwa ńkọ́? Tó bá jẹ́ Èkó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n bí òbí yín sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù nìkan ló ní. Ìyẹn kì í ṣe ìwé ìbí o. Ẹ tètè lọ bá National Population Commission lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ní kéèyàn kọ́kọ́ lọ kó tó náwó kankan sí ìwé Áyálándì.

Àwọn míì tún ti sọ̀rètí nù pé iná ti jó gbogbo ìwé Áyálándì. Lóòótọ́ iná jó ilé ìkówèésí ìjọba ní Four Courts, Dublin, lóṣù kẹfà 1922 nígbà ogun abẹ́lé, ìwé ìkànìyàn 1821 sí 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán, ìwé ogún jóná, ọ̀pọ̀ ìwé ìrìbọmi Church of Ireland jóná. Àmọ́ ìwé ìbí ìjọba ò sí níbẹ̀. Láti 1864 ni wọ́n ti ń kọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sílẹ̀, General Register Office tó wà ní Roscommon lónìí ló ń bójú tó o, Belfast sì ní tiẹ̀ fún apá àríwá. Ìbí tó ti lé ní 100 ọdún, ẹ lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí irishgenealogy.ie, ẹ kàn má tẹ̀ ẹ́ jáde fi ránṣẹ́ o, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ lẹ máa fi béèrè sẹ́tífíkéètì gidi.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn ọmọ. Ẹni tó bá gba ti òbí àgbà, ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú register ló di ọmọ ìlú, kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹ̀, nítorí náà ọmọ tó bá bí síbi tí kì í ṣe Áyálándì kó tó forúkọ sílẹ̀ ò lè gbà á lọ́dọ̀ ẹ̀, èyí tó bá bí lẹ́yìn ẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà! Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fáwọn ará wa tó gba ọmọ ìlú ní Dublin lẹ́yìn tí wọ́n ti gbébẹ̀ pẹ́: ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó lẹ́yìn tí ìwé jáde, Foreign Births Register ni tiẹ̀, èyí tí wọ́n ti bí ṣáájú ò sí níbẹ̀, tí kò bá tíì pé ọdún 18, òbí ẹ̀ ló máa bá a kọ̀wé lọ́tọ̀ fún naturalisation, ìyẹn kí ìjọba sọ ọ́ di ọmọ ìlú.