DNA tó ń tàn nínú láàbù: kí ni wọ́n ń wò gan-an?

Ẹ gbọ́ pé ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò gbé DNA, ohun inú ara tó gbé àbùdá wa, kaná títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń kú. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ kò lóǹkà.

Ṣé DNA fúnra rẹ̀ ló ń tàn?
Rárá. Aró ni.

Aró wo?
Irú SYBR Green. Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ni DNA. Bí aró yìí bá wọ àárín wọn, tí a tan iná búlúù sí i, á mú ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé jáde. Bí ooru bá tú okùn náà, aró á já kúrò, ìmọ́lẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Ìwọ̀n ooru tí ìdajì DNA bá ti tú ni wọ́n ń wá.

Kí ló dé tí òmíràn fi ń pẹ́ kó tó tú?
Èròjà mẹ́rin tí wọ́n ń fi lẹ́tà A, T, G àti C pè ló wà lórí okùn DNA. Ìdè 2 ló so A mọ́ T, 3 ló so G mọ́ C. Nítorí náà, DNA tí G àti C pọ̀ nínú rẹ̀ á le ju èkejì rẹ̀ lọ. Iyọ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́: okùn méjèèjì ń ti ara wọn sẹ́yìn, iyọ̀ ló ń pẹ̀tù sí i. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo kò bá sì bá èkejì rẹ̀ mu, kíá ni yóò tú. Ibí yìí ló ká mi lára jù. Lẹ́tà kan, A tó di T, ló ń fa fòníkú-fọ̀ladìde tó ń dá àwọn ọmọ wa lóró. Bí a bá ṣe okùn kúkurú tó bá A mu, kò ní dì mọ́ T dáadáa, ooru á sì tú àṣírí rẹ̀.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ tó lọ sílẹ̀ kò lè tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ?
Ó lè tàn án. Bí iná búlúù bá pẹ́ lórí aró, aró á ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Ooru nìkan náà ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá yọ èyí kúrò nínú ìṣirò rẹ̀ á sọ pé DNA ti tú nígbà tí kò tíì tú.

Ṣé ibà lè tú DNA mi?
Kò lè tú u. DNA èèyàn ń fẹ́ ooru tó lé ní 80 Sẹ́ńtígíréèdì. Ibà tó le gan-an kì í sábà ju bíi 41 lọ.

Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún?
Aró náà. Ohun tó ń wọ inú DNA ti inú ife lè wọ tiwa. Ethidium bromide, aró mìíràn tó ti pẹ́ ní láàbù, lè yí DNA padà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má dà á sínú gọ́tà.