Ìfẹ̀yìntì ọmọ ni, kì í ṣe ìrọ̀mọ́

Láàárín oṣù kan ṣoṣo ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí èyí tó dùn létí. Èyí tí àwọn Faransé ń pè ní attachement ni mò ń wí, ohun tó wà láàárín ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ń tọ́ ọ. Tíṣà ọmọ kéékèèké kan ní "àtàṣìmọ́". "Àṣìmọ̀" ni etí mi gbọ́. Ẹnìkan lórí rédíò ní "ìdè". Ìdè kẹ̀? Ẹrú la ń fi ìdè dè. Ẹlòmíì tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ní "ìfaramọ́", bí ẹni pé ọmọ oṣù mẹ́jọ jókòó sípàdé, ó fọwọ́ sí ìpinnu.

Èyí tí mo ń bá wọ̀jà gan-an ni "ìrọ̀mọ́", torí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ tí ẹ̀rù bà á rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. John Bowlby, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìmọ̀ yìí kalẹ̀, kò sọ pé kí ọmọ lẹ̀ mọ́ni bí eégbọn. Lọ́dún 1954 ni Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, lọ sí Ùgáńdà. Áfíríkà ni o, kí ẹni tó ń pè é ní àṣà òyìnbó gbọ́. Ìdílé 26 ló ń wò ní àwọn abúlé ẹ̀bá Kampala. Ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ìyá rẹ̀ ń rákòrò lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn, ó ń padà wá fọwọ́ kàn án, ó tún ń lọ. Níbo ni ìrọ̀mọ́ wà níbẹ̀?

Ìfẹ̀yìntì lèmi ń pè é. Wọ́n ní ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba owó ìsinmi ni. Ní Nàìjíríà nìyẹn. Níbí, bí tíṣà bá parí iṣẹ́, "rẹtirẹ́ẹ̀tì" là ń wí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbowó ìfẹ̀yìntì la ti ń wí pé Ọlọ́run la fẹ̀yìn tì, a ò ní ṣubú. Ẹni tó rọ̀ mọ́ nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ dí, ojú rẹ̀ ò rí ayé. Ẹni tó fẹ̀yìn ti nǹkan, iwájú ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo fún eré.

Ẹ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi Kétu àtijọ́. Láyé ogun, àgbẹ̀ tó mọ̀ pé oníbodè yóò ṣílẹ̀kùn fún òun lálẹ́, oko rẹ̀ á jìnnà. Èyí tí wọ́n ṣí fún lónìí, tí wọn ò ṣí fún lọ́la, etí yàrà ni yóò máa rìn kiri, ọkọ́ rẹ̀ ò ní kanlẹ̀. Ẹnì kẹta ti kànkùn títí ó fi sú u. Ó sùn sóko, ó ní òun ò nílò odi. Ẹ̀rù ń bà á, kò kàn pariwo ni. Irú ọmọ mẹ́ta tí Ainsworth rí nìyẹn. Nígbà tí Ainsworth dán ọmọ ọdún kan wò ní Amẹ́ríkà, tí ìyá jáde níyàrá fún ìṣẹ́jú mélòó kan tó sì padà, ẹkún ìgbà tí ìyá jáde kọ́ ni Ainsworth ń ṣọ́ jù, bí ọmọ ṣe gbà á nígbà tó dé ni. Wọ́n ti fi ẹ̀yà kẹrin kún un lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gba dìpúlọ́mà.

Kò sì di dandan kí oníbodè jẹ́ ìyá nìkan. Ìyá àgbà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?

Mo dán ọ̀rọ̀ mi wò lọ́dọ̀ ìyá alákàrà ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Mo ní, "Màmá, ọmọ tó ń gé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ níléèwé yẹn, kò rẹ́ni fẹ̀yìn tì ni." Kò ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Ó yí àkàrà padà nínú epo, ó ní, "Ta ló máa ń bá nílé bó bá dé?"